Àwòrán Orí Páànù Nílé Màmá Trinidad

"Ọkùnrin rẹ yẹn tún ti dé o," ni Àǹtí Nicanora wí, láìgbé ojú kúrò lára àkàrà àgbàdo tó ń yí lórí agbada. "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àbí ìwọ ò rí i ni?"

Eréndira ti rí i. Láti ìsàlẹ̀, níwájú ilé ìtàgé, níbi tó ti máa ń kó àwọn àlejò rẹ̀ jọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ló ti rí i. Àwọn méje ló forúkọ sílẹ̀ fún ìrìn ọjọ́ náà: tọkọtaya kan láti Monterrey, ọmọge mẹ́ta láti Puebla, olùkọ́ obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, àti Ọ̀gbẹ́ni Baltasar Quiroz, ará olú-ìlú Mẹ́síkò, bàbá gíga kan tó ń tiro díẹ̀, tó sì máa ń wọ kóòtù nínú oòrùn. Gbogbo wọn ló ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn Ọ̀nà Ìbaaka. Òun ló gbẹ́yìn. Ó dúró níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ó fi ọwọ́ kan ògiri, ó ń sinmi.

"Àlejò ni, Àǹtí," ni Eréndira dáhùn. "Ó fẹ́ràn ìlú wa ni."

"Ìlú wo ló fẹ́ràn? Lánàá, o sọ̀rọ̀ kànga fún wọn, kò bojú wo kànga. O ní kí wọ́n wo fèrèsé àwọn awakùsà lókè, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò. Àfi ìgbà tẹ́ ẹ bá dé ilé Màmá Trinidad ni ojú ẹ̀ máa ń là kedere." Ó fi ọwọ́ lásán yí àkàrà kan padà. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń wo èèyàn láti ẹ̀yìn agbada yìí, Eréndira. Ìyẹn kì í ṣe àlejò."

Eréndira rẹ́rìn-ín, ó sì pe àwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi ń mú àlejò rìn ní Guanajuato. Àwọn amọ̀nà yòókù a máa kó tiwọn lọ wo àwọn òkú gbígbẹ tó wà nínú gíláàsì, tàbí ọ̀nà tóóró tí àwọn olólùfẹ́ ti máa ń fẹnu konu. Ìrìn ti Eréndira yàtọ̀, torí pé inú ilé èèyàn ló parí sí. Àdúgbò ló gbà á láyè bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà Ìbaaka ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí, ilé kẹrin láti ìsàlẹ̀, kò sì sí ilẹ̀kùn kan lórí gbogbo àtẹ̀gùn náà tó gbọ́dọ̀ kàn kó tó wọlé.

Màmá Trinidad ti ṣílẹ̀kùn dè wọ́n. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni wọ́n, obìnrin kúkúrú kan tó di irun rẹ̀ sẹ́yìn ṣinṣin, tó sì wọ dúdú láti oṣù kìíní tí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Amparo, ti kú. Àwọn méjèèjì kò lọ́kọ, kò sí ẹlòmíràn nínú ilé náà mọ́. Wọ́n kí àwọn àlejò, wọ́n ní kí wọ́n má fiyè sí àwọn abọ́ tó wà nílẹ̀. Àlìkámà ni wọ́n gbìn sínú wọn lábẹ́ aṣọ, kó lè yọ funfun fún Ọjọ́ Ẹtì Ìbànújẹ́, àjọ̀dún Màríà tó ṣáájú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Àwòrán náà wà lára ògiri tó kọjú sí fèrèsé. Màríà Oníbànújẹ́ ni, tí wọ́n kùn sórí páànù pẹlẹbẹ kan tí kò ju ìwé tí ọmọ iléèwé fi ń kọ iṣẹ́ lọ. Ìbòrí aró bo orí rẹ̀, ojú rẹ̀ wo ìsàlẹ̀, omijé kan dúró ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìpẹtà ti jẹ igun páànù náà nísàlẹ̀. Ilé Màmá Trinidad ló ni ín, ṣùgbọ́n gbogbo Ọ̀nà Ìbaaka ló ń pè é ní Ìyá wa. Tí Ọjọ́ Ẹtì yẹn bá ti dé, iwájú rẹ̀ ni gbogbo ilé á wá kúnlẹ̀ sí.

"Ó ti ju igba ọdún lọ," ni Eréndira ń sọ fún àwọn àlejò. "Awakùsà kan ló ní kí wọ́n yà á, nígbà tí ihò kùsà wó lu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí òun nìkan sì jáde."

Àwọn ọmọge mẹ́ta náà gbé fóònù sókè. Ọ̀gbẹ́ni Quiroz kọjá láàárín wọn. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwòrán náà. Lẹ́yìn náà ó fa èémí wọlé, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbóòórùn ẹran lọ́jà kó tó rà á.

"Màmá," ló wí, láìyíjú padà, "ó ti tó ìgbà wo tí àwòrán yìí ti wà lára ògiri yìí?"

"Kí wọ́n tó bí ìyá ìyá mi."

"Àwòrán yìí gan-an?"

"Mélòó lẹ rí níbẹ̀?" ni Màmá Trinidad bi í.

Àwọn ọmọge náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Quiroz kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó dúpẹ́, ó jáde lọ dúró sórí àtẹ̀gùn. Eréndira wá rí i pé Màmá Trinidad ti lọ dúró síwájú àwòrán náà, wọ́n fi ẹ̀yìn bò ó. Ó gbójú sókè. Àǹtí Nicanora ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ̀fun àgbàdo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá, gbogbo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ló sì ti ṣojú rẹ̀.

*

Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti kún fóònù gbogbo àdúgbò. Kó tó di aago márùn-ún, wọ́n ti ń ṣèpàdé létí kànga.

"Ní abúlé ọkọ mi," ni Àǹtí Nicanora wí, ó dúró sórí àtẹ̀gùn kejì kí gbogbo èèyàn lè rí i, "ọkùnrin méjì ló wá wo ère Sàǹtíágò Mímọ́ orí ẹṣin nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n tan àbẹ́là. Nígbà tó di oṣù kejì, Sàǹtíágò ti rìnrìn àjò. Tòun tẹṣin rẹ̀!"

"A gbọ́," ni Hilario wí, télọ̀ tó ń gbé ilé kẹta. "Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Kí ẹnikẹ́ni má mú àlejò gun ọ̀nà yìí mọ́ títí Ọjọ́ Ẹtì fi máa kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó wò ó."

"Àǹtí, iṣẹ́ mi nìyẹn," ni Eréndira wí.

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ ni. Ìyá rẹ ì bá ti sọ ohun tí mò ń sọ yìí tó bá wà láyé. Ìwọ lo mú un wá, Eréndira. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Tí àwòrán yẹn bá fi sọnù, ta la fẹ́ bi? Afẹ́fẹ́?"

Eréndira wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti ń fi ìdí yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yìí. Àwọn kan wo ilẹ̀. Hilario ń yẹ ìka ọwọ́ ara rẹ̀ wò bí ẹni pé abẹ́rẹ́ gún un. Ìgbà yẹn ni Eréndira mọ̀ pé kì í ṣe ará olú-ìlú yẹn nìkan ni wọ́n ń fura sí.

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó rí Ọ̀gbẹ́ni Quiroz ní ojúde San Fernando, lábẹ́ igi, níwájú ife kọfí kan tó ti tutù. Kò kí i. Ó fa àga, ó jókòó.

"Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ wá ṣe ní ìlú yìí fún mi. Torí yín, mi ò lè ṣiṣẹ́ lónìí."

"Mo ti ń retí yín," ni bàbá náà wí. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Èmi náà ní ìbéèrè kan. Ṣé ẹ ò rántí mi? Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ẹ mú èmi àti ìyàwó mi gun ọ̀nà yẹn. Ó wọ fìlà pupa. Ó ń kọrin lórí àtẹ̀gùn."

Eréndira rántí fìlà pupa náà. Kò rántí ọkùnrin yìí.

"Ó ti kú," ni Ọ̀gbẹ́ni Quiroz wí. "Nínú gbogbo ibi tá a jọ lọ, ó máa ń sọ pé iwájú àwòrán yẹn ni inú òun ti rọ̀ jù. Torí náà ni mo ṣe padà wá. Mo kàn fẹ́ dúró níbi tó dúró ni." Ó yí ife rẹ̀ lórí àwo. "Mo dé ibẹ̀, mo sì rí i pé àwòrán tá a jọ wò kọ́ ló wà níbẹ̀."

"Kí lẹ wí?"

"Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi tún àwòrán àtijọ́ ṣe nílé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ti orí páànù gan-an ni tèmi. Èyí tó wà lára ògiri yẹn kò tíì pé ọdún kan, òórùn epo ṣì wà lára ẹ̀. Iṣẹ́ rere ni, ẹni tó ṣe é mọwọ́. Ṣùgbọ́n ìpẹtà tó wà nígun ẹ̀ yẹn, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kùn ún."

Eréndira sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì.

"Nígbà àkọ́kọ́, mo rò pé ojú mi ló ti di ti àgbà," ni bàbá náà ń bá a lọ. "Mo padà lọ lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá mi lójú. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ni mo wá wò."

"Èmi?"

"Ta ló ń kó èèyàn wọ ilé arúgbó yẹn lójoojúmọ́? Ta ló mọ ìgbà tó ń sùn àti ìgbà tó ń jáde? Mo fẹ́ wo ojú yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ pé ó ti ju igba ọdún lọ." Ó ti ife kọfí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ máà bínú. Ojú yín mọ́. Ṣùgbọ́n ti màmá yẹn kò mọ́, ó mọ nǹkan kan. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n tíì lọ bá ọlọ́pàá."

Nígbà tí Eréndira kúrò níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Kì í ṣe torí pé wọ́n fura sí i. Nǹkan kan ni bàbá náà sọ tó ń dún létí rẹ̀: ìpẹtà tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ní gbogbo ìlú yìí tó lè kun ìpẹtà bẹ́ẹ̀. Ẹni náà fi yangàn níwájú rẹ̀ rí nídìí oúnjẹ Kérésìmesì, pé òun lè kun ìpẹtà tí èèyàn á fi nu ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kàn án.

Àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀.

*

Ṣọ́ọ̀bù Leobardo wà ní ìsàlẹ̀ ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ̀ ti ń wọ ihò abẹ́ ilẹ̀. Àwòrán kéékèèké orí páànù ló ń yà, irú èyí tí èèyàn fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni mímọ́ pé mo yè nínú ìjàǹbá, pé màlúù mi tó sọnù ti dé. Ó ń kun ẹsẹ̀ màlúù kan lọ́wọ́ nígbà tí Eréndira wọlé.

"Ta lo tà á fún?"

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Èwo?"

"Leobardo, má ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ìyá Ọ̀nà Ìbaaka. Ta lo tà á fún?"

Ó rí i bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe dúró. Bó ṣe dúró yẹn tó ìdáhùn fún un.

"N kò ta nǹkan kan," ni Leobardo wí, jẹ́jẹ́.

"Ìwọ lo ya èyí tó wà níbẹ̀?"

Leobardo tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ màlúù náà.

"Ọkàn rẹ gbé e? Níwájú ẹ̀ ni ìyá wa ti gbàdúrà kó tó bí ọ! Wọ́n ń wò mí bí olè létí kànga lánàá, mo ń gbèjà ara mi, n ò sì mọ̀ pé inú ilé wa ni olè náà wà!"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé olè ni mo ti dà lójú yín?"

"Sọ ohun tí mo máa pè ọ́ fún mi."

Leobardo gbé búrọ́ọ̀ṣì náà sínú omi, ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Mo búra pé mi ò ní sọ."

"Ta lo búra fún?"

"Tí mo bá sọ ẹni tí mo búra fún, mo ti sọ ọ́ nìyẹn." Ó yí ojú padà sí màlúù rẹ̀. "Ẹ má bi mí mọ́. Ẹ lọ bi ẹni tó ń gbé pẹ̀lú àwòrán náà."

*

Màmá Trinidad ń wọ́n omi sára àlìkámà nígbà tó dé. Eréndira kò jókòó. Ó lọ tààrà sídìí ògiri, ó fi ìka kan igun ibi tí ìpẹtà wà. Ó jọ̀lọ̀, ó ń dán. Kò sí nǹkan kan tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ó ti mọ̀, àbí?" ni Màmá Trinidad wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ọkùnrin onímú yẹn."

"Ó ti mọ̀, Màmá. Èmi náà ti mọ̀. Mo ti pe àbúrò mi lólè lónìí. Níbo ló wà?"

Màmá rọra gbé kẹ́tùlù sílẹ̀. Wọ́n jókòó sórí ibùsùn tóóró tó wà lábẹ́ àwòrán náà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí mọ́.

"Ó wà lọ́wọ́ Amparo."

Eréndira rò pé ọjọ́ orí ló ń sọ̀rọ̀. Ó wo ojú màmá náà, ó sì rí i pé orí wọn pé ju tòun gan-an lọ.

"Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń sùn sábẹ́ ẹ̀," ni Màmá Trinidad ń wí. "Nígbà tí àìsàn yẹn dá a dùbúlẹ̀, kò bèèrè dókítà, kò bèèrè àlùfáà. Ó kàn ní, 'Trini, ṣé wàá jẹ́ kí n mú un dání?' Kí ni mo fẹ́ sọ? Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi la ti jọ wà. Kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí. Mo ránṣẹ́ pe Leobardo. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi yà á, nínú yàrá yìí, lójú ẹ̀, ó ń sunkún bó ṣe ń yà á. Nígbà tí Amparo lọ, mo fi èyí tòótọ́ sábẹ́ ọwọ́ ẹ̀ kí wọ́n tó dé pósí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún àdúgbò?"

"Fún Nicanora? Ó máa pe ìpàdé. Ìpàdé náà ò ní tíì parí títí di òní."

Ẹ̀rín fẹ́ mú Eréndira, inú sì ń bí i pé ó fẹ́ mú un.

"Mi ò fún un pátápátá," ni Màmá wí. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n di ọwọ́ Eréndira mú. "Mo yá a ni. Ihò ògiri tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ní ìtẹ́ òkú yẹn, ọdún márùn-ún péré la sanwó ẹ̀. Tó bá pé, wọ́n á ṣí i, wọ́n á gbé e jáde, àwòrán náà á bá a jáde. A ó nù ún, a ó dá a padà síbí. Ìtẹ́ òkú wa gbẹ. Òkú gan-an kì í jẹrà níbẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ páànù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé màá ti pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún nígbà náà. Tí mi ò bá sí ńkọ́? Ta ló máa dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà? Àwọn tó ń ṣí ihò yẹn, ṣé mo mọ̀ wọ́n ni?"

"Ẹ fẹ́ kí n dúró níbẹ̀."

"Mo fẹ́ kó o dákẹ́, kó o sì dúró níbẹ̀."

Eréndira yọ ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó rí bàbá oníkóòtù yẹn lójú inú, lórí àtẹ̀gùn, tó ń tiro lọ síbi tí ìyàwó rẹ̀ dúró sí, tí gbogbo fèrèsé sì ń wò ó bí ẹni tó gbé àkàbà dání.

"Màá dúró níbẹ̀," ló wí. "Mi ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yín ni, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mi ò ní purọ́. Mi ò sì ní mú àlejò wá síwájú èyí kí n máa sọ ìtàn awakùsà fún wọn. Wọ́n ń pe èèyàn kan lólè, Màmá, èèyàn náà kò sì ṣe nǹkan kan ju pé ojú ẹ̀ ríran. Mo máa ní kó wá lọ́jọ́ Ẹtì."

"Kó wá gbóòórùn ẹ̀ níwájú gbogbo ayé?"

"Kó wá mu omi, bíi gbogbo èèyàn."

Màmá Trinidad na ọwọ́ mú kẹ́tùlù. Wọ́n dìde, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n omi sára àlìkámà tí wọ́n ti wọ́n omi sí.

Nígbà tó ń bọ̀ wálé, Eréndira gba ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Leobardo rí i, kò dìde.

"Mo ti gbọ́," ni Eréndira wí. "Mo ṣẹ̀ ọ́."

"Ẹ ṣẹ̀ mí gan-an," ni Leobardo wí. Ó wá fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí i kó jókòó.

*

Nígbà tí Ọjọ́ Ẹtì dé, aṣọ elésè àlùkò ti bo ògiri Màmá Trinidad. Àlìkámà ti yọ funfun bí irun arúgbó. Ọsàn kíkorò wà lórí pẹpẹ, pẹ̀lú àwọn àsíá wúrà kéékèèké tí wọ́n gún sí wọn lórí, òórùn ewé kamomíìlì sì gba gbogbo ilé. Láti aago mẹ́rin ni wọ́n ti ń dé, tọmọdé tàgbà, wọ́n ń mú ife ara wọn bọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Quiroz dúró sí kọ̀rọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Eréndira. Àyè tó wà láyìíká àwọn méjèèjì fẹ̀ ju bí yàrá kékeré yẹn ṣe yẹ kó fún èèyàn lọ. Àǹtí Nicanora dúró sáàárín àwọn àti pẹpẹ, ó kó apá méjèèjì sára.

Hilario ló bèèrè ìbéèrè náà, bí wọ́n ṣe máa ń bèèrè rẹ̀ lọ́dọọdún. "Màmá, ṣé Màríà ti sunkún?"

Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Onílé á ní ó ti sunkún, á sì bu omi òroǹbó tútù náà fún wọn, torí pé ẹkún rẹ̀ ni wọ́n ń mu. Màmá Trinidad gbé ládugbó lé orókún. Wọn kò bu nǹkan kan.

"Èyí kò tíì mọ ẹkún sun," ni wọ́n wí. "Kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Leobardo ló bí i."

Màmá sì sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ láìgbé ojú sókè, wọn kò sì bẹ̀bẹ̀. Eréndira ń wo ẹ̀yìn Àǹtí Nicanora, ó ń retí kí ó bẹ̀rẹ̀.

"Abẹ́ ọwọ́ ẹ̀ wo?" ni Àǹtí Nicanora bi wọ́n níkẹyìn.

"Ọwọ́ ọ̀tún."

Ó mi orí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Bó ṣe nu imú tán, ojú rẹ̀ tún yí padà sí ti ẹ̀yìn agbada. "Ta ló tún mọ̀?"

"Gbogbo ẹni tó wà níbí."

Àwọn èèyàn wo ara wọn. Wọ́n lé ní ogún nínú yàrá náà, àwọn kan sì tún wà lẹ́nu ọ̀nà. Télọ̀ wo obìnrin tó ń fọṣọ, obìnrin tó ń fọṣọ wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wo àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Eréndira rí i bí ìfura náà ṣe ń ràn láti ojú dé ojú.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Màmá Trinidad wí. "Ẹ máa ṣọ́ ara yín." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi.

Àǹtí Nicanora gba ife kan, ó gbé e lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Quiroz. Kò tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ó ti bù ú kún débi pé ó ń dà sórí bàtà bàbá náà.

"Ẹ̀yin ará Ìlú Mẹ́síkò yìí," ló wí, "níbo lẹ ti ń sùn lálẹ́?"

"Lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyá," ni Ọ̀gbẹ́ni Quiroz wí. Ẹ̀rín sì bú jáde nínú ilé náà, títí kan àwọn tí kò gbọ́ ohun tó sọ.

*

Lọ́jọ́ Ajé, Eréndira tẹ̀lé Màmá Trinidad lọ sí ọ́fíìsì ìtẹ́ òkú, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n máa pè tí ọdún márùn-ún bá pé. Akọ̀wé kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ó kàn tẹ òǹtẹ̀ lù ú.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó padà lọ lóun nìkan láti lọ wo ibẹ̀. Ó rò pé òun ò ní bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Láyé ìgbà tí Amparo wà, kì í fẹ́ rí èèyàn. Tí Eréndira bá ti ń kó àlejò bọ̀, wọ́n á gbọ́ bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Nígbà ìsìnkú rẹ̀ gan-an, àwọn tó wá kò kún ìjókòó mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn òdòdó tó wà níwájú ihò náà ti pọ̀ débi pé wọ́n bo orúkọ rẹ̀. Agolo mílíìkì, ìgò ọtí, ife ṣíṣán, ohun gbogbo tó lè gba omi dúró ni wọ́n ti to síbẹ̀. Àǹtí Nicanora jókòó sórí bẹ́ǹṣì òkúta tó kọjú sí i, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́, àpò àgbàdo lẹ́sẹ̀.

"Mo ní kí n kọjá wá gbàdúrà ni," ló wí, kí Eréndira tó bi í.

"Èmi náà."

Àǹtí Nicanora wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó ronú sí i díẹ̀. Ó wá sún, Eréndira sì jókòó tì í. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lára ògiri náà, lára gbogbo àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀. Wọn kò tíì jókòó pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ ìró bàtà. Hilario télọ̀ ni, ó ń bọ̀ láti ẹnu géètì, ó mú òdòdó funfun méjì dání, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì.

"Wò ó," ni Àǹtí Nicanora sọ jẹ́jẹ́ sí i létí. "Kí ni ìyẹn wá ṣe níbí?"

"Ó wá gbàdúrà ni, Àǹtí."

"Hùn-ún," ni Àǹtí Nicanora wí. Àwọn méjèèjì sì jókòó, wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń wá àyè láàárín àwọn agolo náà tó máa fi òdòdó rẹ̀ sí.